Ohun Tí Ajá Ń Fi Sílẹ̀ Nínú Yanrìn

Bí wọ́n bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ní àdúgbò kan, yanrìn tí tíípà já síwájú ilé náà kì í pẹ́ di ti gbogbo ayé. Kí àwọn bíríkìlà tó fi po sìmẹ́ǹtì, àwọn ọmọdé á ti gùn ún, wọ́n á ti yí gbiri lórí rẹ̀, wọ́n á ti fi agolo mílíìkì bù ú ṣe oúnjẹ eré. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó kan àwọn ajá. Yanrìn rọ̀ fún ajá láti fẹsẹ̀ wà, ó tutù láti sùn sí, ó sì dára láti ṣu sí. Ọmọ tó bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kò ní rí ìgbẹ́ kankan, nítorí òjò ti fọ̀ ọ́, adìẹ sì ti tú u ká. Àsìkò yẹn gan-an ni ibẹ̀ wá léwu jù.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí aràn ajá ń gbà dé ara èèyàn kò ní láti máa sá fún ajá, kò sì ní láti lé e kúrò nílé. Á kàn mọ ibi tó yẹ kó ti dínà mọ́ aràn ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ dìgbòlugi sọ́tọ̀. Òun ni gbogbo wa mọ̀, òun la sì ń bẹ̀rù. Ó tọ́ ká bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ẹni tí àìsàn náà bá ti hàn lára rẹ̀ kì í sábà yè é. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ti ajá rẹ̀ falẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá tó ń géni jẹ ni mo ń sọ lónìí. Ajá tí ara rẹ̀ yá ni, tó ń jùrù, tí àwọn ọmọ ń gbá mọ́ra, tí aràn sì wà nínú rẹ̀.

Aràn tó wọ́pọ̀ jù nínú ọmọ ajá ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Toxocara canis. Funfun ni, ó rí gbọọrọ, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti sin ọmọ ajá rí á ti ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Ikùn ọmọ ajá á wú bẹ̀ǹbẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ á sì yọ síta. Irun rẹ̀ á gbẹ, kò ní dán. Lọ́jọ́ kan á ṣàdédé bì, aràn tó lọ́ mọ́ra wọn á sì wà nínú èébì náà, wọ́n á ṣì máa yí. Abo aràn yìí kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó lé ní 100,000 lójúmọ́. Bí abo mẹ́wàá bá wà nínú ọmọ ajá kan, ẹyin mílíọ̀nù kan ló ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀. Ojú lásán kò lè rí ọ̀kan nínú wọn.

Níbo ni ọmọ ajá tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ti rí aràn? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdọ̀tí ló jẹ. Rárá o, inú ìyá rẹ̀ ló ti gbé e wá. Bí ajá bá ti dàgbà, púpọ̀ nínú aràn tó bá gbé mì kì í di àgbà nínú ìfun rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ aràn náà á wọ inú ẹran ara rẹ̀ lọ, wọ́n á sì sùn síbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún, láìṣe é ní nǹkan kan. Bí abo ajá náà bá lóyún, tí oyún náà tó nǹkan bí ọjọ́ 42 nínú ọjọ́ 63 tí ajá fi ń gbé oyún, wọ́n á jí. Wọ́n á gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ inú rẹ̀. Nígbà tí ìyá bá bímọ tán, àwọn mìíràn á tún gba inú ọmú bá wàrà lọ. Lára ọmọ ajá, aràn á gba ẹ̀dọ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ ajá á húkọ́ ọ wá sí ọ̀nà ọ̀fun, á gbé e mì, aràn á sì wá dàgbà nínú ìfun. Nígbà tí ọmọ ajá bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyin aràn ti lè máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni o, kò tíì já lẹ́nu ọmú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ ajá pé kó má wulẹ̀ bi olùtajà bóyá ó láràn. Kó gbà pé ó ní in. Ilé tó mọ́, ìyá ajá tó sanra, oúnjẹ olówó ńlá, kò sí èyí tó ń dí ọ̀nà tí mo ṣàlàyé yìí. Oògùn tí a ń lò fún ìyá ajá fún aràn inú ìfun kì í sábà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sùn sínú ẹran ara rẹ̀.

Wàyí o, ẹ padà sórí ìgbẹ́. Ẹyin Toxocara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ọmọ aràn kò tíì dá sínú rẹ̀. Ó nílò ooru, ọ̀rinrin àti àkókò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí ọmọ aràn inú ẹyin náà tó gbó débi tó fi lè ran èèyàn. Èèpo ẹyin náà nípọn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan: mọ́ èékánná, mọ́ irun ajá, mọ́ ewé ẹ̀fọ́. Omi apakòkòrò tí a ń dà sílẹ̀ kì í pa á. Bó bá rí ibòji àti ilẹ̀ tútù, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ìgbẹ́ tí a rí, tí a di imú nítorí òórùn rẹ̀, tí a sì kó dànù lọ́jọ́ náà kò tíì lè kó aràn yìí ranni. Èyí tí a fi sílẹ̀ tó fi pòórá ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọmọ bá gbé irú ẹyin tó ti gbó yẹn mì láti ọwọ́ tó kún fún yanrìn, ẹyin á bẹ́ nínú ìfun rẹ̀, ọmọ aràn á sì dá ògiri ìfun lu. Ó ń wá ọ̀nà tó mọ̀ lára ajá. Ara èèyàn kò ní ọ̀nà náà, kò sì lè dàgbà níbẹ̀ láé. Á wá di alárìnká: á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, á lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, nígbà mìíràn á dé ọpọlọ tàbí ojú. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ara á bá a jà títí ọ̀rọ̀ náà á fi tán, ẹni náà kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Lára àwọn ọmọ mìíràn, pàápàá àwọn tó gbé ẹyin púpọ̀ mì, ibà á máa lọ á máa bọ̀, ikọ́ á máa fọn bí ẹni tó ní ikọ́ fée, inú á máa ro wọ́n, ẹ̀dọ̀ á wú. Ọdún 1952 ni Paul Beaver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Orleans, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé aràn ajá ló wà nídìí irú àìsàn yìí lára àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ti ojú ló máa ń dùn mí jù. Ojú kan ṣoṣo ni aràn náà sábà máa ń wọ̀. Ọmọ kì í sọ pé nǹkan ń dun òun, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ojú kejì ló fi ń ríran, ilé kò sì ní tètè fura. Nígbà tí wọ́n bá máa rí i, ojú náà lè ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí nǹkan funfun máa hàn láàárín ẹyinjú. Ní ọdún 1950, Helenor Wilder, tó ń ṣàyẹ̀wò ojú tí àwọn dókítà yọ ní Amẹ́ríkà, tún ojú ọmọdé 46 yẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó rí aràn nínú 24 lára wọn. Ní àkókò yẹn, bí dókítà bá rí funfun nínú ojú ọmọ, jẹjẹrẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn, wọ́n á sì yọ ojú náà kúrò láti dá ẹ̀mí ọmọ sí. Ẹ wo iye ojú tó lọ nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà.

Ohun kan wà níbí tí àwọn òbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí aràn yìí kò ti lè dàgbà nínú èèyàn, kò lè yé ẹyin sínú ìfun èèyàn. Bí ẹ bá gbé ìgbẹ́ ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, tí wọ́n ní àwọn kò rí aràn, ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa Toxocara. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àmì rẹ̀ ti ń hàn. Bákan náà, oògùn aràn tí a ń fún àwọn ọmọ ní ìgbà dé ìgbà kì í dí i lọ́wọ́ láti tún wọlé. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn tí kò lórúkọ, tí ajá sì wà nílé tàbí tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ajá àti iyẹ̀pẹ̀ náà fún dókítà. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó lè má bi yín.

Aràn kejì kì í dúró de kí ẹnìkan gbé òun mì. Ancylostoma lorúkọ rẹ̀. Nínú ajá, ògiri ìfun ló ń fi eyín já, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń mu. Bó bá pọ̀ lára ọmọ ajá, èrìgì ọmọ ajá náà á funfun, ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú, ó sì lè kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ẹyin rẹ̀ kì í dúró pẹ́ kó tó pa. Nínú yanrìn tó móoru tó sì rin, ọmọ aràn á jáde láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kó tó ọ̀sẹ̀ kan ó ti lè wọ awọ ara. Ẹni tó fẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀, tàbí tó jókòó sórí rẹ̀ láìtẹ́ nǹkan, ni yóò gbà á.

Awọ ara èèyàn ṣòro fún un láti là kọjá. Á há sí abẹ́ awọ òkè, á wá máa rìn kiri níbẹ̀. Lójú ẹni tó ń wò ó, ilà pupa kan á yọ lẹ́sẹ̀, á wú díẹ̀, á máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, á sì máa gùn sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́. Yíyún rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn lóru. Àwọn tó máa ń lọ gbafẹ́ létíkun mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ajá pọ̀ ní etí òkun wa, láti Badagry títí dé Lẹ́kí. Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ tú u o, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohun gbígbóná jó o. Ibi tí ilà náà parí sí kọ́ ni aràn wà. Ó ti lọ síwájú, níbi tí awọ ara kò tíì pupa. Ẹni tó ń gé ibi tí ojú rí ń dá ọgbẹ́ sí ara rẹ̀ lásán ni. Oògùn tí dókítà máa kọ, ivermectin tàbí albendazole, kì í pẹ́ pa á.

Jìgá náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò ni, kì í ṣe aràn. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Thomas Mitchell ló gbé e láti Brazil wá sí etíkun Angola ní ọdún 1872, nínú yanrìn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ náà kó má baà fúyẹ́ jù. Láti ibẹ̀ ló ti tàn kárí Áfíríkà. Abo rẹ̀ á wọ abẹ́ èékánná ẹsẹ̀, á mu ẹ̀jẹ̀ títí á fi wú, á sì máa tú ẹyin rẹ̀ síta. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ ń ní in lẹ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń ní in. Bí ilé kan bá ń tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ, tí wọn kò sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ ajá, jìgá á máa padà wá.

Ti aràn pẹlẹbẹ tó wọ́pọ̀ jù lára ajá, Dipylidium, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kòkòrò dúdú wínníwínní tó máa ń ta nínú irun ajá ló ń gbé e kiri. Ọmọ tó bá ṣèèṣì gbé kòkòrò náà mì níbi tó ti ń fi ẹnu kan ajá lè ní in. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó tó hóró ìrẹsì, tó ń rá pálá nídìí ajá tàbí lórí ẹní tó sùn lé, òun nìyẹn. Oògùn tó ń jẹ́ praziquantel ń pa á, ṣùgbọ́n bí kòkòrò inú irun bá ṣì wà, iṣẹ́ kò tíì parí.

Aràn pẹlẹbẹ kejì ni kò ṣeé fojú kéré. Echinococcus kò ju mílímítà 2 sí 7 lọ, ajá tó ní in kì í sì ṣàìsàn. Àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí màlúù ló kọ́kọ́ máa ń jẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ koríko. Nínú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró wọn, ẹyin náà á di àpò tó kún fún omi. Bí wọ́n bá pa ẹran náà, tí wọ́n sì ju ẹ̀dọ̀ tó ní àpò náà sí ajá, ajá á ní aràn, á sì máa ṣu ẹyin rẹ̀ kiri. Ẹyin tiẹ̀ kò nílò ọ̀sẹ̀ kankan: bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ló ti lè ranni. Lára èèyàn, irú àpò omi kan náà ló ń dá sínú ẹ̀dọ̀. Á máa dàgbà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá bẹ́ sínú, ó lè pani. Àárín àwọn darandaran Turkana ní Kenya, níbi tí ajá àti ọmọ ọwọ́ ti jọ ń gbé pẹ́kípẹ́kí, wà lára ibi tó ti pọ̀ jù láyé.

Ó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí ní Iceland. Ní ọdún 1863, Harald Krabbe, onímọ̀ ará Denmark, rin ìrìn àjò lọ síbẹ̀, ó sì la inú ajá 100 wò. Ó bá aràn yìí nínú 28. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ wú mi lórí gidigidi. Ní 1864, wọ́n tẹ ìwé kékeré kan jáde ní èdè àwọn ará Iceland, wọ́n sì pín in láti ilé dé ilé. Ìwé náà ṣàlàyé ní kedere bí àìsàn ṣe ń ti ara àgùntàn dé ara ajá, tó fi ń dé ara ọmọ, ó sì ní kí wọ́n sun ẹ̀dọ̀ tó ní àpò omi tàbí kí wọ́n rì í jinlẹ̀. Ní 1890, òfin mú un ní dandan kí wọ́n máa lo oògùn aràn fún ajá lọ́dọọdún. Reykjavík, olú ìlú wọn, tilẹ̀ fòfin de ajá sísìn ní 1924, òfin náà kò sì kúrò títí di 1984. Ìyẹn le jù lójú tèmi. Àìsàn náà kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ ṣá, ìbẹ̀rẹ̀ àṣeyọrí náà sì ni pé wọ́n sọ òtítọ́ fún àgbẹ̀ ní èdè tó gbọ́.

Ní tiwa, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní ìlú èyíkéyìí. Ajá tí kò ní olówó ló yí i ká, tó ń dúró de ìfun àti ẹ̀dọ̀ tí àwọn alápatà bá jù nù. Ọdẹ pẹ̀lú máa ń ju ìfun ẹran ìgbẹ́ sí ajá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń fi san oore iṣẹ́ tó ṣe ni. Kí ó máa fún un ní ìpín tirẹ̀; kó ṣáà sè é jinná. Àṣà mìíràn tó yẹ kó dópin ni pípe ajá wá lá ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ nílẹ̀, tàbí ní ìdí ọmọ náà gan-an. Ahọ́n tí ajá fi ń lá ìdí ara rẹ̀ ló ń gbé kan ọmọ yẹn.

Iṣẹ́ tó kù fún wa kò le. Ọmọ ajá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn aràn nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì máa tún un lò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá já lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Kí ìyá rẹ̀ máa lo tiẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ajá tó ti dàgbà gbọ́dọ̀ lò ó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó kéré tán. Dókítà ẹranko ni kó wọn oògùn náà, nítorí ìwọ̀n ara ajá ni a fi ń lò ó. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà ẹranko aládàáni sì wà káàkiri. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń gún fún màlúù ti pa ajá rí lọ́wọ́ àwọn tó gún un fúnra wọn. Àwọn ẹ̀yà ajá kan, bíi collie, tilẹ̀ wà tí ara wọn kò gbà á dáadáa.

Kí a máa kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́, kí a dà á sínú ṣáláńgá tàbí kí a dì í sínú ọ̀rá mọ́ pàǹtírí. Kí ẹni tó ní ilé ajá oníkankéré máa fi omi híhó fọ ilẹ̀ rẹ̀, nítorí ooru ń pa ẹyin tí omi apakòkòrò kò lè pa. Kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, kí a gé èékánná wọn kúrú, kí wọ́n wọ bàtà. Kí ẹni tó bá já yanrìn síwájú ilé fi tápólì bò ó lálẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan nínú owó ilé kíkọ́. Ní ti àwọn ajá ìgboro tí kò ní olówó, ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ó sì yẹ ká béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn bí a ṣe ń béèrè ọ̀nà àti omi.

Ẹ̀yin tí ọmọ ajá wà nílé yín báyìí, ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì tíì lo nǹkan kan, oògùn rẹ̀ ti pẹ́.